Ilé Tí À Ń Fà Ré Òkè Kejì

Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pè mí.
Ìdúró ni mo wà, láago mẹ́ta òru,
nílé iṣẹ́ tí a ti ń la ẹja sámọ́nì,
bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́,
yìnyín ti pa ìka mi kú tipẹ́.
Ẹja kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e,
òmíràn, òmíràn,
àfi bí ẹni pé ariwo ẹ̀rọ rọlẹ̀ díẹ̀
tí ẹnìkan sì dárúkọ mi:
Edelmira.
Mo wẹ̀yìn. Rosalba ló wà níbẹ̀, ó ń yán.
"Ìwọ lo pè mí?"
"Ta ló ráyè pè ọ́? Ẹja rẹ ti ń kọjá lọ."

Ṣílò ni ọmọdé Sámúẹ́lì ti gbọ́ tirẹ̀;
Chiloé ni erékùṣù tèmi ń jẹ́.
Mo fi ìyẹn rẹ́rìn-ín lọ́nà ilé,
lábẹ́ òjò tí kì í fẹ́ dá níbí,
òjò tó mọ gbogbo òrùlé lórúkọ.
Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí.
Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó ń wa ànàmọ́,
ó ń kó o sápò bí ẹni tó ń ka ọdún.
Màmá mi ní, "Ìwọ nìkan lo yè nínú ọmọ mi,
ṣé Ọlọ́run ò rí ilé ọlọ́mọ mẹ́fà ni?"
Ó sọ ọ́ tán, ó lọ tan àbẹ́là fún Ọlọ́run kan náà.

Nolberto tó ń kan ọkọ̀ ojú omi
ti gé pákó sípírẹ́sì sílẹ̀ fún ibùsùn wa.
Ẹ má torí kó lè rọrùn fún mi kí ẹ pè é léèyàn burúkú.
Èèyàn dáadáa ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán igi tútù.
Bí mo bá ní n ò fẹ́ ọwọ́ yẹn, irọ́ ni mo pa,
irọ́ kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé lọ sórí pẹpẹ.

Mo lọ bá Sísítà Práxedes.
Ó ń bọ́ adìẹ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti ya.
Mo ní, "Bóyá iṣẹ́ ẹja ni mo kàn ń sá fún."
Ó ní, "Bóyá ni."
Mo ní, "Bóyá ìrọbí ló ń bà mí lẹ́rù."
Ó ní, "Bóyá ni."
Ó da ìwọ̀nba àgbàdo tó kù sílẹ̀.
"Ẹni tó ń léni ló ń kánjú. Ẹni tó ń peni a máa dúró.
Lọ sùn. Padà wá lẹ́yìn ìkórè."

Lánàá ni a fa ilé Bàbá Eleuterio.
Odidi ilé, tòun ti fèrèsé, tòun ti sítóòfù onírin,
a so ó mọ́ okùn, màlúù méjìlélógún níwájú,
abúlé lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Igi ń ké. Ilé ń mì.
Bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí okùn.
Kò wò mí tó fi ní,
"Ilé tó bá ti gbà láti lọ kì í wúwo tó bẹ́ẹ̀."
N ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ilé ló ń sọ.
Ilé sọ̀ kalẹ̀, ó wọ òkun, ó léfòó,
ọkọ̀ kékeré méjì ń wọ́ ọ lọ
bí ìyá àgbà tí a dì mú lápá.
Kọ́tìnnì ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé.

Gbogbo ènìyàn bá ilé lọ síbi ẹran sísun.
Èmi padà sórí òkè tí ilé ti ṣí kúrò.
Ihò òpó ló kù, mẹ́jọ,
òjò ti ń kún wọn.
Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo yọjú wo ọ̀kan:
ojú mi wà níbẹ̀, àti ojú ọ̀run,
àti kòkòrò kan tó ń lúwẹ̀ẹ́.

N ò gbọ́ ohùn kankan.
Mo ṣáà wí i síta, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò:
"Èmi nìyí."
Òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìkórè parí.
Mo dìde, mo gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún,
mo sáré lọ jẹ ẹran kó tó tutù.